Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì torí fọ́tò ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ò lè ṣòṣèlú ni?

TíṣàAbúlé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, torí wákàtí 48 ni wọ́n fún mi, mo sì ti fi ọjọ́ kan sunkún nínú rẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan, ọdún kọkànlá rèé tí ìpínlẹ̀ ti ń sanwó oṣù fún mi. Ní Sátidé tó kọjá, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣe ìpàdé wọ́ọ̀dù ní àgbàlá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ. Mo sì wọ ankárá ẹgbẹ́, torí gbogbo ìyàwó ilé ni wọ́n rán an fún. Ẹnìkan ya fọ́tò, ó gbé e sórí Facebook, ó to orúkọ gbogbo wa sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni ẹnì kejì láti apá òsì. Mo di máìkì mú, ẹnu mi là gbàgà bí ẹni tó ń kọrin ìbò. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbà o!

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè mí, ó na àpò ìwé kan sí mi. Fọ́tò yẹn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé, dúdú àti funfun, wọ́n fi bírò pupa yí orí mi po. Kúẹ́rì ló tẹ̀ lé e: kí n wí ohun tí wọn ò fi ní fìyà jẹ mí pé mo ń ṣe òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́.

Ṣé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ ni? Èmi kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni?

Jagun_Kò_Dákẹ́

Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹgbẹ́ tí ẹ wọ aṣọ rẹ̀ ló fa kúẹ́rì. Ká ní ti àwọn tó wà lórí àléfà ni, wọn ì bá fi fọ́tò yín ṣe kàlẹ́ńdà. Àwọn tó fọwọ́ sí kúẹ́rì yẹn gan-an, ẹ lọ wo irú fìlà tí wọ́n ń dé tí gómìnà bá ń bọ̀ wá ṣí ilé.

BàbáFẹ̀yìntì

Jagun, má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Kúẹ́rì téèyàn ò dáhùn, ó ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Tíṣà, dáhùn rẹ̀ kí wákàtí yẹn tó pé, kó o sì mú ẹ̀dà kan pamọ́ sílé.

Ọdún 35 ni mo fi jẹun nídìí iṣẹ́ ọba, mo wọlé ní 1976. Nígbà tá a kọ́kọ́ dé, ìtàn Olóyè Simeon Adébọ̀ ni àwọn ọ̀gá fi ń kọ́ wa. Òun ni olórí òṣìṣẹ́ ọba ní Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Ó bá Awólọ́wọ̀ ṣiṣẹ́, ó bá Akíntọ́lá ṣiṣẹ́, kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé ìjọba tó bá wà níbẹ̀ la máa sìn, ká fi ìbò wa sínú àpótí, ká sì pa ẹnu wa mọ́. Nígbà tí Babangida ṣe àtúntò ní 1988, tó sọ akọ̀wé àgbà di olùdarí àgbà tí yóò máa bá ìjọba tó gbé e wọlé lọ, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí ọ̀gá ń ṣe bí ọmọ ẹgbẹ́ nínú ọ́fíìsì. Wọ́n yí orúkọ yẹn padà nígbà tó yá, àmọ́ ẹ ò lè kó omi tó ti dànù.

Ní ti òfin: ìwé òfin iṣẹ́ ọba ti ìjọba àpapọ̀, ẹ̀dà 2008, ẹ wo ìlà 030422. Ó ní láìgba àṣẹ ìjọba, yálà o wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí o wà ní ìsinmi, o ò gbọdọ̀ di ipò mú nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbáà gbowó ìbáà má gbowó. O ò gbọdọ̀ jáde dupò, o ò gbọdọ̀ fa ẹlòmíràn kalẹ̀. O ò gbọdọ̀ fi hàn ní gbangba pé ẹgbẹ́ báyìí lò ń tì lẹ́yìn tàbí lò ń takò, o ò sì gbọdọ̀ polongo ìbò. Ìbò dídì nìkan ló ní kò séwu. Ó sì ka òṣèlú ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ mọ́ ìwà àìtọ́ ńlá, ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú rìbá àti ìwé ayédèrú. Wọ́n lè lé èèyàn dànù lórí ẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀dà tuntun jáde ní 2023, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni gbogbo wọn.

Lọ́yàAládùúgbò

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ òfin kan tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́ kún un.

Ní 2002, INEC gbé ìlànà jáde fún àwọn tó fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ forúkọ òṣìṣẹ́ ọba sílẹ̀. Balarabe Musa àti àwọn mìíràn tí INEC kò forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ẹgbẹ́ NCP ti Gani Fawẹ̀hìnmí náà wà níbẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní oṣù kìn-ín-ní 2003, wọ́n dá INEC lẹ́bi. Adájọ́ Ayọ̀ọlá ló ka ìdájọ́ tí àwọn yòókù tẹ̀ lé. Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ tàbí láti wà nínú rẹ̀, INEC ò sì láṣẹ láti yọ òṣìṣẹ́ ọba kúrò nínú “gbogbo èèyàn”.

Ẹ tún wò ó: ìwé òfin kan náà sọ pé òṣìṣẹ́ ọba tó bá fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá ku 30 ọjọ́ kí ìbò wáyé. Ẹgbẹ́ nìkan ló sì lè fa èèyàn kalẹ̀ láti dupò. Ṣé inú 30 ọjọ́ yẹn lẹni náà máa wọ ẹgbẹ́, tí yóò ra fọ́ọ̀mù, tí yóò wọlé nínú ìdìbò abẹ́lé? Àwọn tó kọ ìwé òfin mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ọba lè ní káàdì ẹgbẹ́ nílé.

Nítorí náà, Tíṣà, tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni yín, ẹsẹ̀ yín wà lórí àpáta. Àmọ́ INEC ni wọ́n bá ṣẹjọ́ yẹn o, wọn ò bá ẹni tó gbani síṣẹ́ ṣe é. Ìlà tí Bàbá kà ṣì wà nínú ìwé òfin iṣẹ́, kò sì sọ pé ẹ má wọ ẹgbẹ́. Ipò àti ariwo ló ń bá jà. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ bi yín léèrè: ṣé ẹ ní ipò kankan nínú ẹgbẹ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan pa mọ́ fún dókítà.

Ọ̀dọ́mọdé_Àkúrẹ́

Ṣé olùkọ́ tiẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba? Mo rò pé àwọn ti sẹkitéríàtì nìkan ni.

Lọ́yàAládùúgbò

Abala 318 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá dá sílẹ̀, tàbí tí ìjọba ló ń ná owó tó pọ̀ jù sí i, wà lára òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti káńsù.

TíṣàAbúlé

Ẹ má bínú. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá, mo padà lọ wo Facebook. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ mi ni “akọ̀wé wọ́ọ̀dù”.

Òótọ́ ni. Mo kàn rò pé kì í ṣe nǹkan tó yẹ ká sọ ni. Kò sí ẹni tó lè kọ ohun tí wọ́n sọ nípàdé sílẹ̀ láàárín wọn, ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní, “Tíṣà wa ńkọ́?” Ó ti tó ọdún kan. Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀. Ìwé eléwé 80 kan ni, ti àwọn ọmọ ilé-ìwé, èmi fúnra mi ni mo rà á.

Jagun_Kò_Dákẹ́

Háà. Tíṣà!

BàbáFẹ̀yìntì

“Ìbáà gbowó ìbáà má gbowó.” Mo ti kà á fún yín.

Lọ́yàAládùúgbò

Ó dáa tí ẹ sọ ọ́ níbí, tí kò jẹ́ pé iwájú ìgbìmọ̀ ni wọ́n ti máa bá a pàdé.

Ẹ má kọ ọ́ sínú èsì yín pé ẹ ò lọ, fọ́tò ń bẹ. Ẹ má kọ ọ́ pé ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni yín, kí ẹ tọ́ka sí abala 40 àti ìdájọ́ 2003 yẹn. Ẹ wí pé Sátidé ni, kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ò lo nǹkan ilé-ìwé, ẹ ò sì bá akẹ́kọ̀ọ́ kankan sọ̀rọ̀ ìbò. Ní ti akọ̀wé, kí ẹ tó kọ èsì, ẹ kọ lẹ́tà sí alága wọ́ọ̀dù lónìí pé ẹ ti fi ipò náà sílẹ̀. Kí ó fọwọ́ sí i, kí ó kọ ọjọ́ sí i. Ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ èsì yín, kí ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́. Èsì olójú ewé kan tó. Ẹni tó bá kọ ojú ewé 6 ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tuntun fún ara rẹ̀ ni.

Àwa lọ́yà lè jiyàn pé ìlà “má fi hàn ní gbangba” yẹn ta ko ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ tó wà ní abala 39. Ìjọba yóò sá lọ sí abala 45, tó ní òfin lè dín ẹ̀tọ́ kù nítorí ààbò àti àlàáfíà ìlú. Ẹjọ́ tó dùn ún rò ni, ṣùgbọ́n owó oṣù yín kọ́ ló yẹ ká fi dán an wò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ṣé ẹ máa ń bá INEC ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìbò bíi tàwọn olùkọ́ yòókù?

TíṣàAbúlé

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ti èyí tó ń bọ̀.

Lọ́yàAládùúgbò

Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́! Èyí ju kúẹ́rì lọ. Wọ́n kọ ọ́ sí abala 8 nínú Òfin Ìdìbò 2022 pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá fi ìyẹn pa mọ́ kí INEC lè gbà á síṣẹ́, irú iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ó dẹ́ṣẹ̀. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní ju ọdún 2 lọ, tàbí méjèèjì. Tí wọ́n bá gbé fọ́tò yẹn síwájú adájọ́, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ò lè gbà yín.

ỌmọÈkìtì_Houston

Mò ń ka èyí ní ìsinmi ọ̀sán, ẹ̀rín sì ń pa mí, torí ká ní Amẹ́ríkà ni Tíṣà wà, akọ̀wé wọ́ọ̀dù yẹn kò ní kó o sí wàhálà.

Iṣẹ́ lẹ́tà ni mò ń ṣe níbí, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni wá. Hatch Act ni òfin tiwa ń jẹ́, láti 1939, orúkọ Sẹ́nétọ̀ Carl Hatch ti New Mexico ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun tó bí i ni pé ní 1938, wọ́n ń fi iṣẹ́ WPA, iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa, wá ìbò ní Kentucky. Òfin yẹn le nígbà náà. Ní 1993 wọ́n tú u díẹ̀. Báyìí, tí mo bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí mi ò sì sí nínú ọgbà ìjọba tàbí nínú ọkọ̀ wọn, mo lè wọ aṣọ ẹgbẹ́, mo lè kan ilẹ̀kùn polongo, mo tiẹ̀ lè jẹ́ olóyè ẹgbẹ́. Àwọn FBI àti irú wọn ni wọ́n so mọ́lẹ̀ jù wá lọ.

Ohun tí mi ò lè ṣe rárá, sùn ún sùn-ùn, ni kí n bẹ̀bẹ̀ owó fún olóṣèlú. Kódà kí n wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi láàárín òru, tí mo bá fi líǹkì ìdáwó ránṣẹ́ sórí Facebook, mo ti rú òfin. Mi ò sì lè dupò tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ń bára wọn du. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa dé fìlà olóṣèlú nígbà tó ń to lẹ́tà láàárọ̀. Ọ̀gá ò sọ nǹkan kan, ó kàn nawọ́ gba fìlà náà, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó ní, “Aago 4 ìrọ̀lẹ́.”

Jagun_Kò_Dákẹ́

Ẹ̀yin náà ní ti yín ní Houston, àbí kí ni wọ́n ṣe fún Kellyanne Conway? Ní 2019, ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ òfin yẹn kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́ ní White House torí ó rú u léraléra. Trump ní òun ò yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ wá sílé. Ní 2022, Emefiele jẹ́ gómìnà CBN, òfin CBN ní gbogbo àkókò rẹ̀ pátá ni kó fi ṣiṣẹ́ báńkì. Wọ́n ra fọ́ọ̀mù ààrẹ APC fún un, 100 mílíọ̀nù náírà. Dípò kó sá, ilé ẹjọ́ ló lọ. Kò sì fiṣẹ́ sílẹ̀, 2023 ni wọ́n tó dá a dúró. Tíṣà wọ ankárá ọ̀pá 4, wọ́n fi bírò pupa yí i lórí po. Ẹ sọ fún mi pé òfin kan náà ni.

Lọ́yàAládùúgbò

Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, Jagun. Ohun tí mo lè sọ ni pé òfin tó mú ẹni tí ìjọba yàn sípò yàtọ̀. Òfin Ìdìbò 2022, abala 84 ẹsẹ̀ 12, ní ẹni tí wọ́n yàn sípò òṣèlú kò gbọdọ̀ dìbò níbi ìdìbò abẹ́lé, wọn ò sì gbọdọ̀ dìbò fún un. Buhari fọwọ́ sí i tán, ó tún ní kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ yẹn. Ó bá wọn délé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n da ẹjọ́ náà nù ní oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún òun fúnra rẹ̀ ti ní kí mínísítà tó bá fẹ́ dupò fiṣẹ́ sílẹ̀. Amaechi lọ, Akpabio lọ, Onu lọ. Malami àti Ngige wo àga tí wọ́n jókòó lé, wọ́n wo fọ́ọ̀mù, wọ́n jókòó padà.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Káńsù ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdí owó-orí ilé ni mo wà. Níbí, ipò ni wọ́n ń wò. Òfin 1989 kan ló to àwọn tí kò gbọ́dọ̀ ṣòṣèlú: àwọn ọ̀gá pátápátá, àwọn tó ń gba ìgbìmọ̀ káńsù nímọ̀ràn, àwọn tó ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀ lórúkọ káńsù. Àwọn wọ̀nyẹn lè ní káàdì ẹgbẹ́, àmọ́ kí wọ́n má dupò, kí wọ́n má di olóyè ẹgbẹ́, kí wọ́n má polongo. Àwọn kan nínú wọn gbé ìjọba lọ sí Strasbourg, níbi tí ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù wà, ilé-ẹjọ́ náà ní òfin yẹn ò burú, 1998 nìyẹn. Èmi tí mò ń dá àwọn tó ń bú mi lóhùn lórí tẹlifóònù, ta ló fẹ́ dá mi dúró? Mò ń pín ìwé ẹgbẹ́ ládùúgbò. Àfi pé mi ò lè jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ní káńsù tó ń sanwó fún mi.

Ìjẹ̀bú_Ń_Bọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fò ó. Mò ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, mo sì fẹ́ du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. 30 ọjọ́ yẹn, ṣé kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé ni, àbí kí ìbò gan-an tó wáyé?

Lọ́yàAládùúgbò

Ìbò gan-an ni ìwé òfin sọ, abala 107 ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n ka ìlànà ẹgbẹ́ rẹ náà, wọ́n lè béèrè pé kó o ti fiṣẹ́ sílẹ̀ kó o tó gba fọ́ọ̀mù. Má sì gbàgbé ìlà tí Bàbá kà: láti ọjọ́ tó o bá ti jáde sọ pé ò ń dupò, tó o ṣì ń gbowó oṣù, wọ́n lè fún ọ ní kúẹ́rì tìrẹ.

Lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ olùdíje. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó o kọ ọ́. Gbé ẹ̀dà 2 lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” mọ́ ẹ̀dà tìrẹ, kí ọjọ́ hàn ketekete, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, máa ṣọ́ báńkì rẹ. Tí owó oṣù bá ṣèèṣì tún wọlé, dá a padà, kó o gba rìsíìtì. Alátakò rẹ yóò wá ìwé owó oṣù yẹn lọ, á gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ìbò, á ní, “Olúwa mi, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkùnrin yìí títí di àná.”

Alámójútó_Ojú-òpó

Mo ti yọ èsì kan tó dárúkọ ọ̀gá ilé-ìwé àti nọ́ḿbà fóònù. Ẹ má dán an wò mọ́.

BàbáFẹ̀yìntì

Tíṣà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ 3. Báwo ni wọ́n ṣe parí ẹ̀?

TíṣàAbúlé

Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún mi, wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì mi. Ọ̀gá ní lẹ́tà tí alága wọ́ọ̀dù fọwọ́ sí ló ràn mí lọ́wọ́. Mo ti yọ orúkọ mi kúrò lọ́dọ̀ INEC. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì máa kí mi dáadáa, ó ní mo já òun jù sílẹ̀.

Wọ́n ti fi wẹ́dà kan jẹ akọ̀wé. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó ń kọ, òun náà ò lè kà á. Ní alẹ́ àná, wọ́n gbé ìwé eléwé 80 yẹn wá sílé mi pé kí n bá wọn tún un kọ kó dùn ún kà. Mo ti kọ ojú ewé 2. Lọ́yà, ṣé ìyẹn náà wà nínú òfin?

Lọ́yàAládùúgbò

Tíṣà, n ò rí ìbéèrè yẹn o.